Ẹ Kà Á Sẹ́yìn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Ewébẹ̀ Ìgbà Ọyẹ́ àti Ìgbà Òtútù

Láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn àwọn ewébẹ̀ tí ó fẹ́ràn òtútù. Mo ṣa márùn-ún nínú wọn. Èyí tí ó wá láti òkè òkun ni mo fi ṣáájú, nítorí pé bí a bá ti lóye ohun tí òtútù gan-an ń ṣe fún ewébẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdí tí kábéèjì fi ń yan àwọn ará ilé jẹ yóò hàn kedere. Mo gé díẹ̀ kúrò lára àwọn lẹ́tà náà nítorí àyè, n kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà ni mo sì ń gbé. Mo ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí mo rí i pé òtútù ti ń dé, mo gbin kéèlì (ìbátan kábéèjì tí kì í pa orí), sípínáàṣì àti kárọ́ọ̀tì ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀wàrà, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí irúgbìn wọn pé wọ́n lè fara da òtútù. Wọ́n hù, ṣùgbọ́n wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ títí yìnyín fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá aládùúgbò mi ń já kéèlì tirẹ̀ lábẹ́ yìnyín títí wọ inú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ẹ kò ṣi irúgbìn rà, ilẹ̀ yín kò sì burú. Ọjọ́ ni ẹ jẹ́ kí ó lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìtumọ̀ tí ẹ fún un ni ó ṣì yín lọ́nà. Bí wọ́n bá sọ pé ewébẹ̀ kan fara da òtútù, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òtútù kò ní í pa á. Wọn kò sọ pé yóò máa dàgbà nínú òtútù. Kéèlì tí bàbá yẹn ń já nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò dàgbà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ó ti gbó tán kí òtútù tó dé, inú ọgbà ni bàbá náà kàn fi í pamọ́ sí, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká.

Nǹkan méjì ni ó ń dá ewébẹ̀ dúró lọ́dọ̀ yín. Òtútù ni ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ ni èkejì, ti ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwa tí a dàgbà sí Àkúrẹ́ kì í sì í rántí, nítorí pé nílé níbí, ọjọ́ tí ojúmọ́ rẹ̀ kúrú jù lọ nínú ọdún ṣì ń ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ. Ní Toronto, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Bélú títí di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Èrèlè, ojúmọ́ kì í tó wákàtí 10, bí ó bá sì di àsìkò Kérésìmesì, kì í tó wákàtí 9. Bí ojúmọ́ bá ti dín sí wákàtí 10 báyìí, ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ ìdàgbà dúró pátápátá, kódà bí ẹ bá fi ọ̀rá tàbí gíláàsì bò wọ́n kí òtútù má bàa mú wọn. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ súwẹ́tà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú ni. Ohun tí ẹ bá fẹ́ jẹ ní ìgbà òtútù gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán nígbà náà.

Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti wá kà á sẹ́yìn. Ẹ wo ara páálí irúgbìn, ẹ ó rí iye ọjọ́ tí ewébẹ̀ náà máa ń lò kí ó tó ṣe é jẹ. Ẹ fi ọjọ́ 14 lé e, nítorí pé bí ọjọ́ ti ń kúrú ní apá ìparí ọdún ni ewébẹ̀ ń fà sẹ́yìn, iye tí ó wà lára páálí sì jẹ́ ti ìgbà tí oòrùn ń ràn dáadáa. Kéèlì tí ó ń lo ọjọ́ 60 yóò di ọjọ́ 74. Bí ẹ bá ka ọjọ́ 74 sẹ́yìn láti ọjọ́ 7 oṣù Bélú, ọjọ́ 25 oṣù Ògún ni ẹ ó bá ara yín. Kárọ́ọ̀tì tí ó ń lo ọjọ́ 75 yóò gbé yín padà sí nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Ògún. Sípínáàṣì tí ó ń lo ọjọ́ 45 yóò mú yín dé ọjọ́ 9 oṣù Owewe. Ẹ rí i pé nígbà tí ẹ̀yin gbin tiyín, ó ti lé ní oṣù kan tí ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti ronú nípa òtútù nígbà tí oòrùn oṣù Ògún ń ta yín lára, tí àwọn ọmọ ń bẹ̀ yín fún omi tútù, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá aládùúgbò yín wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀.

Ní ti bí ewé tútù ṣe lè wà lábẹ́ yìnyín kí ó má kú, ẹ bi àwọn tí ó ń ta sóbò dídì ní Àkúrẹ́. Wọ́n mọ̀ pé omi lásán a máa dì ṣáájú sóbò tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí kéèlì ń ṣe nìyẹn. Bí òtútù bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ewébẹ̀ náà a sọ àwọn oúnjẹ tí ó ti kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yìí kì í sì í jẹ́ kí omi inú ewé tètè dì. Ìdí náà nìyẹn tí kéèlì àti kárọ́ọ̀tì tí ìrì dídì ti bà lé ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta fi máa ń dùn ju èyí tí a já ṣáájú rẹ̀ lọ. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni mo wí. Bí òtútù líle bá já lu ewébẹ̀ lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ó móoru, èyí tí ó le jù lọ pàápàá lè fara gbọgbẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ewébẹ̀ ni ó ní irú agbára yìí. Kéèlì, sípínáàṣì àti líìkì, ìbátan àlùbọ́sà tí ọrùn rẹ̀ gùn tí ó sì funfun, ni ọ̀gá. Wọ́n lè la òtútù tí ó lọ sílẹ̀ ju dígíríì 5 lábẹ́ òdo lọ já. Létúùsì, bíítírúùtù àti ewé kárọ́ọ̀tì kò lè ṣe ju kí wọ́n fara da ìrì dídì fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ní ti tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá tí mo mọ̀ pé ẹ kò ní ṣàì gbìn, alẹ́ kan péré tí omi bá dì ti tó láti sọ gbogbo wọn di dúdú, nítorí náà ẹ fà wọ́n tu kí alẹ́ yẹn tó dé, ẹ bọ̀ wọ́n, kí ẹ kó wọn sí fíríísà.

Fún ìtọ́jú, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń tà lọ́dọ̀ yín dára púpọ̀, ẹ fi wáyà tí a tẹ̀ bí ọrun gbé e sókè kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé tí ó wọ́ dà bo kárọ́ọ̀tì kí ilẹ̀ tó dì, kí ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ó sì máa hú u díẹ̀díẹ̀. Ohun kan tí àwọn ènìyàn wa sábà máa ń ṣì ṣe ni pé wọn a já ewé ní òwúrọ̀ nígbà tí ó ṣì gan bí páálí. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án báyẹn, yóò rọ̀, yóò sì jẹrà nínú ike. Ẹ dúró títí di ọ̀sán kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́, yóò padà sí bí ó ti wà. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ro ẹ̀fọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ igi àárín ewé náà kúrò, nítorí pé iná tí ó tó tẹ̀tẹ̀ kò tó o.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní ìlú Òǹdó. Láti ọdún méjì ni mo ti ń gbin kábéèjì ní àkùrọ̀ ẹ̀gbẹ́ odò wa, nítorí pé mo gbọ́ pé ó fẹ́ràn ọyẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, ni mo da irúgbìn rẹ̀. Ewé rẹ̀ tóbi, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò pa orí pọ̀. Ó kàn là sílẹ̀ bí ewé ẹ̀kọ. Ní ọdún kejì ẹ̀wẹ̀, kòkòrò fi ihò lu gbogbo rẹ̀.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àkùrọ̀. Àṣìṣe tí ọmọ Àkúrẹ́ ṣe ní Toronto ni ẹ̀yin náà ṣe ní Òǹdó, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn tó báyẹn. Ìgbà tí ẹ rí ohun tí kábéèjì fẹ́ràn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ da irúgbìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Irúgbìn tí ẹ dà ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 35 níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ dà á sí, ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ nìyẹn, kí ẹ tó tú u gbìn sí àkùrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó nílò nǹkan bí ọjọ́ 80 kí orí rẹ̀ tó le. Ọjọ́ 9 oṣù Igbe nìyẹn. Gbogbo àkókò tí ó yẹ kí ewé inú máa ká wọnú ara wọn wá bọ́ sí inú oṣù Ẹrẹ́nà, oṣù tí ooru rẹ̀ ń mú wa sùn sí ìta ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Kábéèjì fẹ́ràn ibi tí ó wà láàárín dígíríì 15 sí 20 Celsius jù lọ. Bí òru pẹ̀lú bá ń gbóná, ewé ni yóò máa yọ, kò ní í pa orí.

Kí ẹ tó lè jẹ ẹ́ kí oṣù Èrèlè tó parí, ẹ mú ọjọ́ 20 oṣù Èrèlè, kí ẹ sì ka ọjọ́ 115 sẹ́yìn. Ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wàrà ni ẹ ó dé. Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ọyẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ẹ fi ọ̀rá funfun ṣe àtíbàbà lórí irúgbìn náà kí òjò líle má bàa gbá a lọ, ẹ sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó yíká. Nígbà tí ẹ bá máa fi tú u gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, omi yóò ti fà kúrò nínú àkùrọ̀, òru yóò sì ti ń tutù. Irúgbìn tí ó wà nínú ilẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ dé ni ó ń jẹ àǹfààní ọyẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan fún yín. Ọyẹ́ tiwa kì í ṣe òtútù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń fẹ́ wá, ohun tí ó sì ń ṣe jù lọ ni pé ó ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ewé, bí ó ti ń fà á kúrò ní ètè wa. Àwọn ọlọ́kadà máa ń wọ ẹ̀wù òtútù ní òwúrọ̀, àmọ́ bí ó bá di agogo méjì ọ̀sán, oòrùn ti padà sí iṣẹ́. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, Àkúrẹ́ kò sì ju nǹkan bí 350 mítà lọ. Ní gbogbo 1,000 mítà tí ilẹ̀ bá fi ga, ojú ọjọ́ máa ń fi nǹkan bí dígíríì 6 tutù sí i. Ìdí nìyẹn tí kábéèjì Jos fi ń tóbi bí orí màlúù tí tiwa fi ń kéré. Ẹ má ra irúgbìn tí a ṣe fún ilẹ̀ òtútù. Ẹ bèèrè fún èyí tí a ṣe fún ilẹ̀ olóoru, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní KK Cross, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí ó wà lára agolo rẹ̀. Èmi fúnra mi ra irúgbìn kan rí lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, méjì péré ni ó hù nínú mẹ́wàá. Nígbà tí mo yí agolo náà padà, mo rí i pé ó ti lé ní ọdún méjì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Omi ni kókó. Ebè ẹ̀fọ́ tí ó fẹ̀ tó mítà kan tí ó sì gùn tó mítà kan nílò nǹkan bí lítà 5 omi lójoojúmọ́ ní àárín ẹ̀rùn, ìyẹn ni pé garawa alítà 10 kan yóò tó irú ebè méjì. Ẹ bomi rin ín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí ẹ bá fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, omi yóò pẹ́ nínú ilẹ̀, gbòǹgbò yóò sì wà ní tútù. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sí lẹ́tà yìí, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sí àárín ìdí kan sí èkejì. Bí àwọn tí ń ṣe kòkó ní agbègbè yín bá ń sun èèpo rẹ̀ fún ọṣẹ dúdú, ẹ tọrọ ìkúnwọ́ eérú díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó tú kábéèjì gbìn. Ó ń pẹ̀rọ̀ sí ilẹ̀ tí ó kan. Àmọ́ ìkúnwọ́ ni mo wí o, kì í ṣe korobá.

Kòkòrò tí ó lu ewé yín ní ihò kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Aláwọ̀ ewé ni. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, yóò já bọ́, yóò sì máa rọ̀ dirodiro lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Labalábá kékeré aláwọ̀ eérú kan tí ń rìn lóru ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ sí ẹ̀yìn ewé. Nígbà tí ẹ bá rí ihò, ó ti pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ máa yí ẹ̀yìn ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ gún èso dóńgóyárò gbígbẹ tí ẹ ti pa èèpo rẹ̀, ẹ wọn gíráàmù 50 sínú lítà omi kan, ẹ jẹ́ kí ó sun di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé tí ó ń dán, kí ẹ sì fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fọ́n oògùn apakòkòrò lé kábéèjì ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà. Bàbá, ẹ má ṣe irú rẹ̀.

Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ni mí, mo ń gbin létúùsì sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dà á, kò hù rí. Mo sì ń bomi rin ín dáadáa.

Ọmọ mi, ooru ni. Irúgbìn létúùsì gbọ́n: bí ilẹ̀ bá gbóná ju nǹkan bí dígíríì 27 lọ, a máa sùn, a kọ̀ láti hù, nítorí pé ó gbà pé ìgbà tí òun lè yè kò tíì dé. Àpò sìmẹ́ńtì tí oòrùn Àkúrẹ́ ń pa láti àárọ̀ sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ̀tàn ni a ó fi mú un. Di irúgbìn náà sínú aṣọ tí ó mọ́ tí o ti rẹ sínú omi, fún aṣọ náà kí ó má máa kán, kí o sì gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe fíríísà, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí iná ìjọba kò bá jẹ́ kí fíríìjì ṣiṣẹ́, àmù màmá àgbà yóò ṣe é: gbé aṣọ náà lé ara àmù tí ó ń làágùn, fi igbá dé e. Nígbà tí o bá rí ohun funfun tíńtín tí ó ń yọ lẹ́nu irúgbìn, gbìn ín ní ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Má rì í sínú ilẹ̀ púpọ̀. Létúùsì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù, nítorí náà kí ilẹ̀ kàn bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà o lè máa ṣí i fún un ní òwúrọ̀. Já ewé rẹ̀ láti ìta nígbà tí ó bá tó bí àtẹ́lẹwọ́, má dúró kí ó di orí. Bí ooru oṣù Èrèlè bá bá a, igi òdòdó ni yóò na sókè, ewé rẹ̀ yóò sì korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí o kò bi mí: omi wo ni o fi ń rin ín? Tútù ni à ń jẹ létúùsì, iná kò kàn án. Omi gọ́tà àti omi odò tí ó ti gba àárín ìgboro kọjá kì í ṣe omi tí a ń dà sórí ewé rẹ̀. Omi kànga ni kí o lò.

Màmá tí ń ta èlò ọbẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mí. Aáyù ti wọ́n jù. Ṣé a kò lè gbìn ín níbí ni, nígbà tí ó jẹ́ pé tí mo bá gbàgbé rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó máa ń hù fúnra rẹ̀?

Yóò hù, Màmá, ewé rẹ̀ yóò sì dára. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Kí aáyù tó lè pín ara rẹ̀ sí awẹ́ awẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti la ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá nínú òtútù tí ó wà ní nǹkan bí dígíríì 10 tàbí tí ó kéré sí i. Àwọn tí ó wà ní Kánádà máa ń gbìn ín nínú oṣù Ọ̀wàrà, yóò sùn lábẹ́ yìnyín, wọn yóò sì hú u nínú oṣù Agẹmọ. Nílẹ̀ wa, apá Òkè Ọya bíi Sókótó ni òru ọyẹ́ ti ń tutù tó fún un, omi odò ni wọ́n sì fi ń rin ín ní ẹ̀rùn. Níbí, odindi kan tí kò pín ni ẹ ó sábà hú, bí àlùbọ́sà kékeré. Bí owó ni ẹ ń wá, àlùbọ́sà eléwé ni kí ẹ gbìn: ẹ gé ìdí rẹ̀ tí ó ní gbòǹgbò, ẹ rì í padà sínú ilẹ̀, yóò tún yọ. Ewé aáyù náà sì ṣe é sè, bí ẹ bá ti gbìn ín tán kí lẹ́tà yìí tó dé.

Láti Ìdànrè: Kárọ́ọ̀tì mi ya ẹsẹ̀ méjì, òmíràn ya mẹ́ta bí ọwọ́ ọmọdé. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi sí ilẹ̀ rẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ bí mo ṣe lè fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó so, kí n má bàa tún máa ra irúgbìn.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù ni ó fà á, tàbí òkúta, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹ tú u gbìn láti ibòmíràn. Kárọ́ọ̀tì kì í fẹ́ kí a ṣí òun nípò. Níbi tí ẹ bá ti dà á ni kí ó dàgbà sí. Ẹ po irúgbìn rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má bàa ṣù jọ, ẹ tú ilẹ̀ náà kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ṣa òkúta rẹ̀, èyí tí mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ní Ìdànrè, kí ẹ sì lo ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jóná di dúdú tí kò rùn mọ́. Ilẹ̀ ààtàn àtijọ́ náà dára, bí kò bá sí ìgò nínú rẹ̀. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó hù, ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ rárá ní gbogbo àkókò yìí. Àpò ọ̀gbọ̀ tútù tí ẹ tẹ́ lé e lórí títí yóò fi hù ni èmi ń lò.

Ní ti irúgbìn, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì jọra: ọdún kìíní ni wọ́n ń kó oúnjẹ jọ, ọdún kejì ni wọ́n ń so, òtútù àárín ọdún méjèèjì náà ni ó sì ń sọ fún wọn pé ọdún ti yí. Kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Ìdànrè, kódà lórí òkè. Bí ẹ bá fi kárọ́ọ̀tì yín sílẹ̀, inú ilẹ̀ ni yóò máa le sí títí yóò fi di igi, láìyọ òdòdó kan. Ẹ ra irúgbìn rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ fi ìyókù pamọ́ sínú ìgò tí a dé pa ní ibi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ.